Fífi kóòdù ṣe ìrànwọ́ fún iṣẹ́ open source: ìbéèrè táwọn ọ̀dọ́ Yábàá máa ń bi mí

Àwọn tó ń kọ́ kóòdù ní Yábàá, Akókà, Bàrígà àti Sùúrùlérè ló ń gbé àwọn ìbéèrè yìí wá lemọ́lemọ́. Mo kó wọn jọ síbí kí n lè máa júwe ibì kan ṣoṣo fún ẹni tó bá tún béèrè. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jù mí lọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú pé “o” ni mò ń sọ jálẹ̀. Àbúrò ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń béèrè.

Kí ni wọ́n ń pè ní open source gan-an, ta ló sì ni ín?

Sọ́fítíwíà tí ẹnikẹ́ni lè ka kóòdù rẹ̀ ni, tó lè lò ó, tó lè tún un ṣe, tó sì lè pín in fún ẹlòmíì, lábẹ́ láísẹ́nsì tí ẹni tó kọ ọ́ fi síbẹ̀. Linux tó wà lábẹ́ Android inú fóònù rẹ wà lára wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ kan nílẹ̀ Finland, Linus Torvalds, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 1991. Òun náà ló kọ Git lọ́dún 2005, irinṣẹ́ tó ń tọ́jú gbogbo àyípadà tí a bá ṣe sí kóòdù, tí a ó máa dárúkọ títí. Firefox, WordPress, Python àti LibreOffice náà wà níbẹ̀.

Pé ó ṣí sílẹ̀ kò sọ pé kò ní ẹni tó ni ín. Ẹni tó kọ ọ́ ló ṣì ni ín, ó kàn fi láísẹ́nsì yọ̀ǹda fún wa ni. Kóòdù tó wà ní gbangba lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìní láísẹ́nsì kankan kì í ṣe open source, bó ti wù kí gbogbo ayé máa rí i tó.

Ẹ̀gbọ́n, kò tíì pẹ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ JavaScript. Ṣé kò tíì yá jù?

Kò yá jù. Wọn kò ní kí o wá kọ nǹkan láti òfo. Kíka ohun tí ẹlòmíì kọ ni iṣẹ́ tó wà níbẹ̀, ìyẹn gan-an sì ni wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ kọ́ wa níbi tí a ti ń kọ́ṣẹ́. Iṣẹ́ ńlá lè ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún fáìlì. Àwọn tó ni ín pàápàá kò mọ gbogbo rẹ̀ tán. Ìwọ wá ibi kan ṣoṣo tí nǹkan ti bàjẹ́, kí o tọpa rẹ̀ dé orí ìlà tó fà á. Tí o bá ti mọ Git dé ìwọ̀n branch (ẹ̀ka tí o ti ń ṣiṣẹ́), commit (fífi àyípadà pamọ́) àti push (fífi í ránṣẹ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì), máa bọ̀.

Báwo ni mo ṣe máa yan iṣẹ́ tí màá dá sí?

Bẹ̀rẹ̀ láti inú ohun tí o ń lò. Ṣí fáìlì package.json tàbí requirements.txt tìrẹ, wo orúkọ àwọn sọ́fítíwíà tí iṣẹ́ rẹ ń lò níbẹ̀. Ojoojúmọ́ lò ń lò wọ́n, o mọ ibi tí wọ́n ti ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ẹni tó bá lọ yan iṣẹ́ torí pé ó lókìkí, tí kò sì lò ó rí, kì í mọ ohun tó yẹ kó tún ṣe, àfi kó máa ṣọdẹ àṣìṣe sípẹ́lì nínú README, ìyẹn fáìlì àlàyé iṣẹ́ náà.

Lẹ́yìn náà, wò ó bóyá ẹ̀mí ṣì wà nínú iṣẹ́ náà. Ìgbà wo ni commit tó kẹ́yìn? Lọ sí ibi tí àwọn pull request wà, ìyẹn àtúnṣe tí èèyàn fi ránṣẹ́ pé kí wọ́n gbà wọlé, kí o ka mélòó kan lára èyí tí àwọn àjèjì fi ránṣẹ́: ṣé wọ́n dáhùn, ṣé wọ́n fọ̀wọ̀ dáhùn? Èyí wúlò ju iye ìràwọ̀ tó wà lókè ojú ìwé lọ. Mo ti rí iṣẹ́ tó ní ìràwọ̀ rẹpẹtẹ tí ẹnikẹ́ni kò dáhùn pull request níbẹ̀ fún odidi ọdún kan. Ka fáìlì tí wọ́n ń pè ní CONTRIBUTING látòkè délẹ̀, torí òfin ilé wọn ló wà níbẹ̀. Àwọn issue (àṣìṣe tàbí iṣẹ́ tí wọ́n kọ sílẹ̀ pé ó yẹ ní ṣíṣe) tí wọ́n lẹ “good first issue” mọ́ ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ẹni tuntun, ṣùgbọ́n ní àwọn iṣẹ́ tó gbajúmọ̀, kí o tó ṣẹ́jú wọ́n ti tán.

Mo ti rí issue kan. Ṣé kí n kọ “please assign to me”?

Ó sàn kí o kọ ohun tí o rí nígbà tí o dán an wò, àti ọ̀nà tí o rò pé a lè gbà tún un ṣe, kí o wá béèrè bóyá ọ̀nà náà tẹ́ wọn lọ́rùn. “Assign me” lásán ni èèyàn mẹ́wàá mìíràn ti kọ sábẹ́ rẹ̀, tí wọ́n sì ti sá lọ.

Ẹ bá mi rìn ín láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Ká lo àpẹẹrẹ tó sún mọ́ wa. Ká ní fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ kan wà tó jẹ́ open source. O kọ “Adébọ́lá” sínú rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo àmì, ni fọ́ọ̀mù bá ní orúkọ náà ti gùn jù. Lẹ́tà méje ni ojú wa rí. Ṣùgbọ́n nínú Unicode, ètò tó ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà nínú kọ̀ǹpútà, “ọ́” kò ní nọ́ńbà kan tó dá dúró fún un: “ọ” ni wọ́n kọ́kọ́ ń kọ, kí àmì òkè tó tẹ̀ lé e. Nítorí náà kọ̀ǹpútà á ka Adébọ́lá sí 8. Tí kíbọ́ọ̀dù tí o lò bá sì tú gbogbo àmì kúrò lára lẹ́tà wọn, ó di 11. Orúkọ kan náà, kò sì sí ìyàtọ̀ lójú, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tọ́jú ọ̀kan, tí o wá fi èkejì wá a, kọ̀ǹpútà lè ní òun kò rí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Irú àṣìṣe yìí pọ̀ ju bí o ṣe rò lọ. Ẹni tó kọ fọ́ọ̀mù náà kò ní rí i láéláé bó bá jẹ́ Smith ló ń jẹ́. Ìwọ lo máa rí i, torí orúkọ rẹ ni fọ́ọ̀mù náà ń kọ̀.

Kọ́kọ́ wá inú àwọn issue, títí kan èyí tí wọ́n ti pa dé, bóyá ẹnì kan ti sọ ọ́ rí. Tí kò bá sí, ṣí tuntun. Sọ ohun tí o ṣe, ohun tí o retí, ohun tó ṣẹlẹ̀, àti ẹ̀dà sọ́fítíwíà tí o lò. Kọ orúkọ náà gan-an síbẹ̀ kí wọ́n lè dà á kọ, torí àwòrán ojú fóònù nìkan kò ní jẹ́ kí wọ́n rí àmì tó fara pamọ́. Jẹ́ kí olùtọ́jú kan, ìyẹn ẹni tó ń bójú tó iṣẹ́ náà, gbà pé àṣìṣe ni lóòótọ́ kí o tó fi òpin ọ̀sẹ̀ rẹ jìn ín.

Ìgbà náà ni kí o wá ṣe fork, ìyẹn ẹ̀dà tìrẹ lórí GitHub tàbí GitLab, àwọn ìkànnì tí wọ́n ń tọ́jú kóòdù sí. Clone rẹ̀ sórí láptọ́ọ̀pù rẹ, kí o fi git remote add upstream so ojúlówó mọ́ ọn, kí o lè máa fa ohun tuntun wá láti ọ̀dọ̀ wọn. Má ṣiṣẹ́ lórí main, branch tó jẹ́ olórí. Fi git switch -c dá branch sílẹ̀, kí o fún un lórúkọ tó sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Kí o tó fọwọ́ kan ohunkóhun, dán gbogbo test wọn wò, ìyẹn kóòdù tó ń yẹ kóòdù wò. Tí test kan bá ti ń kùnà kí o tó dé, ó yẹ kí o mọ̀ báyìí, kó má lọ di pé o ń wá ẹ̀ṣẹ̀ tí o kò dá.

Kọ test tìrẹ tó ń fi “Adébọ́lá” sínú fọ́ọ̀mù, kí o rí i pé ó kùnà. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí o tún kóòdù ṣe. Nínú JavaScript, normalize("NFC") máa ń jẹ́ kí ọ̀nà ìkọ̀wé méjèèjì di ọ̀kan náà, Intl.Segmenter sì máa ń ka lẹ́tà bí ojú èèyàn ṣe ń kà á, ìyẹn ni pé 7 ló máa kà. Nígbà tí test rẹ bá yege, tí ti tẹ́lẹ̀ kò sì bàjẹ́, commit, push sí fork rẹ, kí o ṣí pull request. Tó bá jẹ́ GitHub ni, kọ “Fixes #” àti nọ́ńbà issue náà sínú àlàyé. Issue náà á ti ara rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá gba iṣẹ́ rẹ wọlé sórí main.

Ohun kan wà tí mi ò lè ṣàìtẹnumọ́. Má tún nǹkan mìíràn ṣe lójú ọ̀nà. Mo mọ̀ pé àlàfo tí kò gún lápá òsì máa ń yún èèyàn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n bí irinṣẹ́ rẹ bá tún gbogbo fáìlì tò, ìlà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó ṣe pàtàkì á rì sínú ọgọ́rùn-ún mẹ́sàn-án tí kò ṣe nǹkan kan. Kò sí ẹni tó fẹ́ kà á. Ka diff tìrẹ, ìyẹn àwọn ìlà tí o yí padà, fúnra rẹ kí o tó fi ránṣẹ́. Ó yà mí lẹ́nu bí àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ṣe kéré tó.

Dátà mi kò tó nǹkan, iná ò sì dúró ládùúgbò wa. Ṣé mo lè ṣe é?

O lè ṣe é. Yàtọ̀ sí clone, fetch, pull àti push, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ohun tí Git ń ṣe tó nílò íntánẹ́ẹ̀tì. O lè jókòó sínú dánfó láti Ọ̀jọ́ta dé Oyíngbò, kí o commit nínú gósìlóò, tí àyà rẹ bá gbà pé kí o yọ láptọ́ọ̀pù síta níbẹ̀.

Clone gan-an ni wàhálà. Tí nẹ́tíwọ̀kì bá já ní àárín rẹ̀, Git kì í tẹ̀ síwájú láti ibi tó dé. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ló tún máa wà á. Nítorí náà, má fa gbogbo ìtàn iṣẹ́ ńlá lẹ́ẹ̀kan. Lo git clone --depth 1, èyí tó ń mú ohun tó wà nílẹ̀ lónìí nìkan wá, tí o bá sì nílò àtijọ́, git fetch --deepen=100 á máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un. Ohun tí npm, irinṣẹ́ tó ń kó kóòdù JavaScript tí iṣẹ́ nílò wá, ń wà wọlé sábà máa ń wúwo ju kóòdù fúnra rẹ̀ lọ; fi --prefer-offline kún un kó lè lo èyí tó ti wà lórí ẹ̀rọ rẹ tẹ́lẹ̀. Àwọn tó ń lo dátà òru máa ń to gbogbo èyí jọ di ìgbà tí òru bá dé, tí wọ́n á wá fi ọ̀sán kọ kóòdù.

Push branch rẹ sí fork lójoojúmọ́, ìbáà jẹ́ pé iṣẹ́ náà kò tíì dé ìdajì. Bí bátìrì bá kú, tí jẹnẹrétọ̀ kọ̀, tàbí tí láptọ́ọ̀pù bá bá olè lọ, iṣẹ́ rẹ ṣì wà níbì kan. Àtúnṣe kékeré sí àwọn ìwé àlàyé kò tilẹ̀ nílò clone rárá: lójú ìwé GitHub ni wàá ti tún un ṣe, òun fúnra rẹ̀ á sì bá ọ dá fork sílẹ̀.

Ṣé títúmọ̀ sí Yorùbá àti kíkọ ìwé àlàyé náà jẹ́ ìrànwọ́?

Bẹ́ẹ̀ ni, ìrànwọ́ pátápátá ni. Ka ìkànnì Common Voice ti Mozilla tí o bá fẹ́ fi ohùn rẹ kún ti Yorùbá, tàbí Masakhane, níbi tí àwọn ọmọ Áfíríkà ti ń ṣiṣẹ́ pọ̀ lórí èdè wa láti ọdún 2019. Kìkì pé kí o fi àmì sórí ọ̀rọ̀ o, jọ̀ọ́.

Mo fi pull request ránṣẹ́ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn. Kí ni mo ṣe tí kò dáa?

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé o kò ṣe nǹkan kan. Èkó ń fi wákàtí mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án ṣáájú San Francisco, a kì í yí aago padà bíi tiwọn, nígbà tí o bá ń jẹun ọ̀sán, wọ́n ṣì ń sùn. Èyí tó kéré jù nìyẹn. Èyí tó tóbi ni pé ọ̀pọ̀ olùtọ́jú kò gba kọ́bọ̀ lórí iṣẹ́ náà. Lẹ́yìn iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ wọn, lẹ́yìn tí ọmọ bá ti sùn, ni wọ́n ń ka ohun tí a fi ránṣẹ́.

Ìwọ sì rò ó wò. Ẹni tó fún ọ ní ewúrẹ́ ti fún ọ ní nǹkan gidi, àmọ́ ìwọ ni wàá máa wá koríko fún un láràárọ̀. Kóòdù tí o kọ lónìí, àwọn ni wọ́n máa tún un ṣe lọ́dún mẹ́ta sí i nígbà tó bá bàjẹ́. Ìwọ ti lè máa ṣe nǹkan mìíràn nígbà náà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè kọ̀ ohun tuntun tó dára, tó sì ń ṣiṣẹ́, láìsí pé iṣẹ́ rẹ kò dáa. Ìdí nìyẹn náà tí test àti àlàyé fi ń jẹ́ kí iṣẹ́ rẹ tètè wọlé: koríko lo bá wọn gé sílẹ̀.

Ìbẹ̀rù tún wà níbẹ̀. Lóṣù kẹta ọdún 2024, Andres Freund, ọ̀kan lára àwọn tó ń kọ PostgreSQL, sọ́fítíwíà tó ń tọ́jú dátà, rí i pé wíwọlé nípasẹ̀ SSH, ọ̀nà tí a ń gbà wọ kọ̀ǹpútà tó wà lókèèrè, ń fi nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀. Ó tọpa rẹ̀, ó sì bá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tí ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní Jia Tan fi pamọ́ sínú xz, irinṣẹ́ kékeré tó wà lórí àìmọye kọ̀ǹpútà Linux. Ẹni yẹn ti fi ohun tó lé lọ́dún méjì ṣe ìrànwọ́ gidi, tó ń fi sùúrù dáhùn, títí tí olùtọ́jú tó ti rẹ̀ fi fún un láṣẹ. Láti ìgbà náà, wọ́n ń wo àjèjì dáadáa, n kò sì lè bá wọn jà.

Dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí o kọ ìlà kan pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Tó bá tún pẹ́, máa lọ síbòmíì. Má kọ̀wé sí olùtọ́jú ní ìkọ̀kọ̀ lórí X tàbí LinkedIn.

Wọ́n ní kí n tún nǹkan mọ́kànlá ṣe. Ṣé wọn ò fẹ́ràn mi ni?

Wọ́n kà á dé ìlà tó kẹ́yìn. Ẹni tí kò bá fẹ́ iṣẹ́ rẹ kì í fi àkókò ṣòfò báyẹn, ṣe ló máa ti ojú ìwé náà pa. Ọ̀rọ̀ wọn máa ń gbẹ létí wa torí a ti bá “ẹ kú iṣẹ́” dàgbà, àwọn kì í kí èèyàn kí wọ́n tó sọ pé ìlà 40 kò dáa. Dáhùn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí o kò bá fara mọ́, sọ ìdí rẹ̀. Wọ́n máa ń gbà nígbà mìíràn. Sórí branch kan náà ni kí o push àtúnṣe sí, má ṣí pull request tuntun.

Ṣé mo lè jẹ́ kí AI bá mi kọ ọ́?

Ka òfin iṣẹ́ náà ná, torí àwọn kan kò gbà á rárá. Ní ti èmi, ìbéèrè kan ni mo máa ń bi èèyàn: tí olùtọ́jú bá ní kí o ṣàlàyé ìlà kan, ṣé wàá lè ṣàlàyé rẹ̀ láìpadà lọ bi ẹ̀rọ? Tí o kò bá lè ṣe é, kóòdù tí o kò mọ̀ lò ń gbé lé ẹni tí kò bẹ̀ ọ́ lọ́rùn. Daniel Stenberg, tó ti ń tọ́jú curl, irinṣẹ́ tó ń gbé dátà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, láti ọdún 1998, ti kígbe síta léraléra nípa ìròyìn àṣìṣe tí AI hun, tó dára lójú, tí kò sí òótọ́ kankan nínú rẹ̀. Má wà lára wọn.

Èdè Òyìnbó mi kò já geere.

Gbólóhùn kúkúrú kúkúrú tó. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe ọmọ Gẹ̀ẹ́sì náà. Test tó kùnà ń sọ gbogbo èdè.

Láísẹ́nsì, CLA, “sign-off”: kí ni mò ń fọwọ́ sí?

Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, abẹ́ láísẹ́nsì tí iṣẹ́ náà ń lò ni kóòdù rẹ máa wọlé sí. MIT gba ẹnikẹ́ni láyè láti fi í sínú ọjà tó tì pa, bí ó bá ti lè fi orúkọ ẹni tó ni ín sílẹ̀; GPL ní kí ẹni tó bá pín in jẹ́ kí kóòdù rẹ̀ ṣí bí ó ṣe bá a. Sign-off, tí git commit -s ń fi kún un, ń sọ pé o ní ẹ̀tọ́ láti fi kóòdù náà sílẹ̀. CLA jẹ́ àdéhùn tó gùn jù ú lọ, tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá bíi Google máa ń béèrè.

Tí o bá ń ṣiṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ kan, lọ ka ìwé tí o fọwọ́ sí nígbà tí wọ́n gbà ọ́. Ó lè wà níbẹ̀ pé gbogbo kóòdù tí o bá kọ, tiwọn ni, kódà èyí tí o kọ lóru ọjọ́ Sátidé nínú yàrá rẹ. Béèrè kí o tó ṣe é, kí o sì gba ìdáhùn náà ní kíkọ sílẹ̀.

Ṣé owó wà níbẹ̀?

Ó wà, ṣùgbọ́n kì í ṣe lórí pull request kọ̀ọ̀kan. Google Summer of Code ti ń san owó fún ẹni tuntun láti ọdún 2005. Láti ọdún 2022, kò tún pọn dandan kí o jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ mọ́, tí o bá ti pé ọdún 18. Outreachy ń san 7,000 dọ́là fún oṣù mẹ́ta, láti ilé ni o sì ti ń ṣe é. Wọ́n là á kalẹ̀ fún àwọn tí wọ́n máa ń fojú fò nínú iṣẹ́ yìí. Ní méjèèjì, ìrànwọ́ tí o ti ṣe kí o tó kọ̀wé béèrè ló máa ń gbe ọ̀rọ̀ rẹ.

Ti Hacktoberfest, ètò pull request ti oṣù kẹwàá, yàtọ̀. Ilé iṣẹ́ DigitalOcean ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 2014, ẹ̀wù ni wọ́n máa ń fúnni nígbà náà. Lọ́dún 2020, àwọn èèyàn fi pull request játijàti kún ibi gbogbo nítorí ẹ̀wù yẹn, títí tí wọ́n fi yí òfin padà pé iṣẹ́ tó bá fúnra rẹ̀ fẹ́ kópa nìkan ni yóò máa kà. Ẹ̀wù yẹn, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wà ní Tẹ́júoṣó jàre.

Níbo ni mo ti lè rí ẹlẹgbẹ́ ní Èkó?

Yábàá ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà Herbert Macaulay níbẹ̀ ni CcHub, ilé tí àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ti ń pàdé, ti bẹ̀rẹ̀, Yabatech kò jìnnà síbẹ̀, Yunifásítì Èkó sì wà lọ́hùn-ún ní Akókà, èyí ló jẹ́ kí àwọn tó ń kọ kóòdù pọ̀ ládùúgbò náà. Open Source Community Africa, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2018, ṣe àjọ̀dún rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Èkó níbí lóṣù kejì ọdún 2020. Ẹni méjì péré tó lè jọ ka pull request ara wọn kí wọ́n tó fi ránṣẹ́ sí àjèjì tó.

Mo rí àlàfo tí olè lè gbà wọlé nínú sọ́fítíwíà kan. Ṣé kí n ṣí issue?

Rárá o! Gbogbo ayé ló ń ka issue. Wá fáìlì SECURITY wọn, wàá rí ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ kí o gbà sọ fún wọn ní ìkọ̀kọ̀.

Mo ti push ọ̀rọ̀ aṣínà mi pẹ̀lú kóòdù. Tí mo bá pa á rẹ́ nínú commit tó tẹ̀ lé e, ṣé ó ti tán?

Kò tán. Ó ṣì wà nínú ìtàn Git, àwọn ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ irú rẹ̀ sì lè ti gbé e kí o tó mọ̀. Lọ yí ọ̀rọ̀ aṣínà tàbí kọ́kọ́rọ́ náà padà níbi tí o ti gbà á, lójú ẹsẹ̀, kí o tó ronú nípa Git rárá. Bákan náà ni ímeèlì rẹ: ó ń wọ inú gbogbo commit tí o bá ṣe, kò sì rọrùn láti yọ. Bí o kò bá fẹ́ kí ó hàn, lọ sí ètò GitHub rẹ kí o mú àdírẹ́sì noreply tí wọ́n fún ọ, kí o fi git config user.email gbé e kalẹ̀ kí o tó ṣe commit àkọ́kọ́.